Àwọn Tí Ń Kọ́ Olùdarí Ọ̀kẹ́sírà

Nínú gbogbo àwọn tí ń ṣiṣẹ́ orin, ẹnì kan ṣoṣo ni ó wà tí ohun-èlò rẹ̀ kì í dún. Onífèrè ní fèrè, onílù ní ìlù, akọrin ní ọ̀fun. Ṣùgbọ́n olùdarí ọ̀kẹ́sírà kò ní ju ọwọ́ méjì, ojú méjì, àti ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan lọ. Síbẹ̀, bí ó bá gbé ọwọ́ sókè, ọgọ́rin tàbí ọgọ́rùn-ún ènìyàn a múra lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ó bá sì sọ ọ́ kalẹ̀, ìró a jáde. Ìbéèrè tí mo fẹ́ gbé yẹ̀wò nínú àròkọ yìí ni pé: báwo ni a ti ń kọ́ ènìyàn ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀? Ta ni olùkọ́ rẹ̀, kí ni olùkọ́ náà sì ń ṣe nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá dìde dúró níwájú àwọn olórin? Mo rò pé ìbéèrè náà kàn wá gidigidi ní kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí, nítorí pé iṣẹ́ olùkọ́ni pẹ̀lú jẹ́ iṣẹ́ tí a kò lè fi ara pamọ́ kọ́. Iwájú àwọn alààyè ni a ti ń kọ́ ọ, ojú wọn náà ni a sì ti ń ṣì í ṣe.

Kí n tó lọ síwájú, ó yẹ kí n ṣe àlàyé díẹ̀ fún àwọn tí ó mọ ẹgbẹ́ akọrin ilé ìsìn nìkan. Ọ̀kẹ́sírà ni ẹgbẹ́ ńlá àwọn tí ń fi ohun-èlò ṣe orin. Àwọn onífayolíìnì àti àwọn olókùn yòókù ni ó pọ̀ jù níbẹ̀. Lẹ́yìn wọn ni àwọn onífèrè igi, àwọn onífèrè idẹ, àti àwọn onílù. Olúkúlùkù ní ìwé tirẹ̀ níwájú rẹ̀, kìkì ohun tí òun yóò ṣe ni ó sì wà nínú rẹ̀. Olùdarí nìkan ni ó ní ìwé tí ohùn gbogbo ènìyàn wà nínú rẹ̀ lójú kan. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ a máa fi ìgbà hàn, bí orin yóò ti yá tó tàbí bí yóò ti fà tó. Ọwọ́ òsì a máa sọ èyí tí yóò rọlẹ̀ àti èyí tí yóò ròkè, a sì máa pe ẹni tí àkókò àtiwọlé rẹ̀ tó. Ṣùgbọ́n àṣírí iṣẹ́ náà kò sí nínú ìgbà tí ọwọ́ bá sọ̀kalẹ̀. Ó wà nínú gbígbé e sókè tí ó ṣáájú. Nínú gbígbé yẹn ni olórin ti ń mọ̀ bóyá orin yóò wọlé jẹ́jẹ́ tàbí pẹ̀lú agbára, kíákíá tàbí ní pẹ̀lẹ́. Ẹni tí ó bá gbé ọwọ́ sókè pẹ̀lú iyèméjì, iyèméjì náà ni yóò gbọ́. Nínú dùndún tiwa, ìyáàlù ni ó ń darí, ohùn ara rẹ̀ ni ó sì fi ń darí; bí omele bá ṣìnà, ìyáàlù a pè é padà. Olùdarí ọ̀kẹ́sírà kò ní ohùn kankan tí yóò fi pe ẹnikẹ́ni padà.

Láyé àtijọ́ kò sí ẹni tí a ń pè ní olùkọ́ ìdarí. Ẹni tí ó kọ orin náà ni ó sábà máa ń jókòó nídìí dùùrù, tàbí kí ó di fayolíìnì mú, tí yóò sì máa fi orí àti ọwọ́ ṣe àmì fún àwọn yòókù. Ní ilẹ̀ Faransé, Jean-Baptiste Lully a máa fi ọ̀pá gígùn lu ilẹ̀. Ní 1687 ó fi ọ̀pá náà gún ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ojú egbò náà sì bàjẹ́ títí ó fi pa á. Èyí tó láti mú kí ẹnikẹ́ni fẹ́ ọ̀pá kúkúrú. Nígbà tí Felix Mendelssohn gba ọ̀kẹ́sírà Gewandhaus ní Leipzig ní 1835, ọ̀pá kékeré ni ó lò, àṣà náà sì tàn kálẹ̀. Láti ìgbà náà wá ni ìdarí ti di iṣẹ́ lọ́tọ̀, ṣùgbọ́n a kò ní kíláàsì fún un. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó bá fẹ́ ẹ a lọ sí ilé ópẹ́rà. A máa tẹ piyánò fún àwọn akọrin tí ń kọ́ ipa tiwọn, a máa wo ọ̀gá láti ẹ̀gbẹ́ kan, títí di ọjọ́ tí ara ọ̀gá kò bá yá.

Wíwo yìí kì í ṣe ohun kékeré. Adrian Boult, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ sí Leipzig ní 1912 kí ó lè máa wo Arthur Nikisch lẹ́nu iṣẹ́. Nikisch kì í ju apá kiri. Ẹnu ọ̀pá àti ojú ni ó fi ń ṣiṣẹ́. Àwọn àgbà wa wí pé ojú ni ọ̀rọ̀ wà, bí ẹni pé àwọn náà ti rí Nikisch ni. Nígbà tí Boult padà sílé, ó bẹ̀rẹ̀ kíláàsì ìdarí ní Royal College of Music ní London ní 1919, ó sì tẹ ìwé kékeré kan jáde ní ọdún tí ó tẹ̀lé e lórí bí a ti ń lo ọ̀pá. Báyìí ni ohun tí ó rí ní Leipzig di ẹ̀kọ́ tí a lè fi lé ẹlòmíràn lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n bí a bá ti dá kíláàsì sílẹ̀, ìṣòro kan a dìde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹni tí ń kọ́ fayolíìnì lè gbé e wọ yàrá rẹ̀, kí ó ti ilẹ̀kùn, kí ó sì máa ta á títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, láìsí ẹni tí yóò gbọ́ àṣìṣe rẹ̀. Olùdarí kò lè gbé ọgọ́rin ènìyàn wọ yàrá. Bí ó bá dúró níwájú dígí tí ó ń ju ọwọ́, dígí kò lè ṣì í gbọ́, kò lè pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, kò lè kọ̀ sí i lẹ́nu. Nítorí náà kò lè kọ́ ọ ní ohun púpọ̀. Owó ńlá sì ni a fi ń kó ọ̀kẹ́sírà jọ fún wákàtí kan péré. Ohun tí ó kọ́kọ́ ya àwọn olùkọ́ ìdarí sọ́tọ̀ kúrò lára ara wọn ni ìdáhùn wọn sí ìbéèrè yìí: kí ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò máa fi dánra wò?

Èmi yóò pẹ́ díẹ̀ lọ́dọ̀ ọkùnrin kan ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà, nítorí pé lójú tèmi, kò wọ́pọ̀ kí ènìyàn fi ọjọ́ ayé rẹ̀ fún iṣẹ́ yìí tó bí òun ti ṣe. Orúkọ rẹ̀ ni Ilya Musin. Ìlú Kostroma ni a bí i sí, ní January 1904. Ní 1919 ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ orin ńlá tí ó wà ní Petrograd láti kọ́ piyánò. Ilé-ẹ̀kọ́ náà ti wà láti 1862. Kí òǹkàwé má ṣe jẹ́ kí orúkọ ìlú náà dàrú mọ́ òun lójú: ó di Leningrad ní 1924, ó sì padà di St. Petersburg ní 1991. Nígbà tí Nikolai Malko bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni ní ìdarí níbẹ̀ ní 1925, Musin wà lára àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Malko yìí ni ó darí símfónì kìn-ín-ní ti Dmitri Shostakovich nígbà àkọ́kọ́ tí a gbọ́ ọ, ní May 1926. Ní 1929 Malko kó lọ sí ilẹ̀ òkèèrè, ṣùgbọ́n irúgbìn rẹ̀ kò bá a lọ. Ní 1932 Musin fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni, kò sì fi í sílẹ̀ títí ó fi kú ní 1999. Bí a bá ṣírò rẹ̀, ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin ni.

Kì í ṣe pé kò fẹ́ darí fúnra rẹ̀. Ó di igbákejì Fritz Stiedry nínú ọ̀kẹ́sírà Philharmonic ti Leningrad ní 1934. Ṣùgbọ́n nígbà tí a yan olórí titun ní 1938, Yevgeny Mravinsky ni a yàn, ẹni náà sì wà lórí ipò náà títí ó fi kú ní 1988. Àádọ́ta ọdún gbáko. Nígbà ogun, a kó ilé-ẹ̀kọ́ náà lọ sí Tashkent, ọ̀nà jíjìn réré sí ìlú wọn. Níbẹ̀, ní 22 June 1942, tí ó pé ọdún kan géérégé tí àwọn ọmọ ogun Jámánì wọ ilẹ̀ wọn, Musin darí símfónì keje ti Shostakovich. Ìgbà tí ó di ẹni ọdún 92, ní 1996, ni ó tó darí ọ̀kẹ́sírà Royal Philharmonic ní London. Láàárín ọdún méjèèjì yìí, iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú yàrá kan tí piyánò méjì wà.

Piyánò méjì náà ni ìdáhùn àwọn ará Rọ́ṣíà sí ìbéèrè wa. Atẹ-piyánò méjì a jókòó, wọn a pín orin ọ̀kẹ́sírà láàárín ara wọn, akẹ́kọ̀ọ́ a sì dúró níwájú wọn pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Ó ní láti fi ọkàn rí àwọn tí kò sí níbẹ̀: àwọn onífayolíìnì ní apá òsì, àwọn onífèrè ní àárín, àwọn onílù ní ẹ̀yìn pátápátá, kí ó sì máa yíjú sí wọn, kí ó máa pè wọ́n wọlé bí ẹni pé wọ́n ń wò ó. Ẹni tí kò bá mọ ìwé orin náà dé inú kò lè ṣe èyí. Ọ̀nà náà kò wọ́n, a sì lè ṣe é lójoojúmọ́.

Ẹ̀kọ́ Musin, bí a bá kó o jọ, kò ju ohun kan lọ: kí olùdarí fi ọwọ́ sọ orin di ohun tí ojú lè rí. Ṣùgbọ́n ó rí i kedere pé ohun méjì ni ó wà nínú rẹ̀ tí ń bá ara wọn jà. Ọwọ́ ní láti yé àwọn olórin, kí wọ́n lè mọ ibi tí wọ́n wà. Ọwọ́ sì tún ní láti sọ ohun tí orin náà ń sọ, ìbànújẹ́ ni o, ayọ̀ ni o, ìbínú ni o. Bí ọwọ́ bá ń ka ìgbà ketekete bí agogo ara ògiri, kò sí ohun mìíràn tí ó lè sọ mọ́. Bí ó bá sì kún fún ìmọ̀lára, ìgbà a ṣókùnkùn, onífèrè a sì máa bi ọmọnìkejì rẹ̀ pé, Ibo ni a dé? Iṣẹ́ olùdarí ni láti mú àwọn méjèèjì gbé inú apá kan náà. Láti kọ́ni ní èyí, Musin kì í wá ìjùwọ́ àràmàǹdà kan. Ó gbà pé ọwọ́ ènìyàn ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ nínú iṣẹ́ ojoojúmọ́: bí a ti ń di nǹkan mú, bí a ti ń fà á, bí a ti ń tì í, bí a ti ń gbé ohun ẹlẹgẹ́ kalẹ̀ kí ó má baà fọ́. Ìró pẹ̀lú ni a lè dì mú bẹ́ẹ̀. Ó kọ ìwé kan lórí ọ̀nà yìí, tí a tẹ̀ ní 1967.

Èso ni a fi ń mọ igi. Yuri Temirkanov, Semyon Bychkov, Valery Gergiev, àti láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Sian Edwards àti Martyn Brabbins, gbogbo wọn ni ó dúró níwájú piyánò méjì náà. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni pé wọn kò jọ ara wọn. Temirkanov kì í lo ọ̀pá. Ọwọ́ lásán ni. Gergiev a máa lo ọ̀pá kan tí kò gùn ju igi tí a fi ń ta eyín lọ, ìka rẹ̀ a sì máa gbọ̀n bí ewé. Ẹni tí ó bá rí àwọn méjèèjì kò lè sọ pé ilé kan náà ni wọ́n ti jáde, àfi bí a bá sọ fún un. Nínú iṣẹ́ tí ó jẹ́ pé kìkì ojú ni a fi ń kọ́ ọ, kò sí ohun tí ó rọrùn tó kí ọmọ di òjìji ọ̀gá rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ a mú bí ọ̀gá ti ń gbé èjìká, a mú bí ó ti ń tẹ orí, a sì rò pé òun ti mú ìmọ̀ rẹ̀. A rí irú wọn láàárín àwa olùkọ́ pẹ̀lú: ẹni tí ó kọ́ ikọ́ àti ìwò olórí ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ dáadáa, tí kò sì kọ́ ìṣirò.

Ẹ jẹ́ kí a mú ẹnì kan láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi ṣe ẹ̀rí. Leonard Bernstein ní olùkọ́ méjì tí wọn kò jọra rárá. Ní ilé-ẹ̀kọ́ Curtis ní Philadelphia, láti 1939 sí 1941, ó wà lábẹ́ Fritz Reiner, ọmọ ilẹ̀ Họ́ngárì. Reiner le bí òkúta. Ìjùwọ́ rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé olórin kò gbọdọ̀ gbójú kúrò lára rẹ̀. Kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni gun àga olùdarí bí kò bá mọ gbogbo àmì inú ìwé. Láàárín orin, a dá akẹ́kọ̀ọ́ dúró lójijì, a sì bi í ní ohun tí ohun-èlò kan, tí ó fara sin sí àárín, ń ṣe ní ibi yẹn gan-an. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn 1940, Bernstein lọ sí Tanglewood, níbi tí Serge Koussevitzky, ọmọ Rọ́ṣíà tí ó jẹ́ olórí ọ̀kẹ́sírà Boston, ṣí ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní ọdún náà. Koussevitzky kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa ọwọ́. Ọ̀rọ̀ nípa ẹ̀mí orin àti ojúṣe olórin sí àwọn ènìyàn ni ó kún ẹnu rẹ̀. Ní 14 November 1943, ara Bruno Walter kò yá, a sì ní kí Bernstein, ọmọ ọdún 25, darí New York Philharmonic ní ọ̀sán ọjọ́ náà láìsí ìdánrawò. Ìmọ̀ ìwé tí Reiner fi agbára mú un kọ́ ni ó mú un dúró. Ṣùgbọ́n bí ó ti ń fò sókè lórí àga, tí òógùn ń dà lára rẹ̀, kò sí ẹni tí ó lè pè é ní ọmọ Reiner.

Ní Jàpáànì, ọ̀nà mìíràn ni Hideo Saito gbà. Ó pín gbogbo ìṣípòpadà apá sí oríṣi, ó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní orúkọ, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé ní 1956: èyí ni lílù, èyí ni fífà, èyí ni kí a ta ọwọ́ sókè. Seiji Ozawa kọ́ gbogbo rẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ bí ọmọ ti ń kọ́ A, B, D. Èmi ti rò tẹ́lẹ̀ pé irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ yóò sọ ènìyàn di ẹ̀rọ. Ozawa sì wá di ọ̀kan nínú àwọn tí ọwọ́ wọn ní òmìnira jù lọ, nígbà tí ó sì dàgbà, ó fi ọ̀pá sílẹ̀ pátápátá.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a dé ilẹ̀ Fínlándì, níbi tí a ti ta ko piyánò méjì. Àtakò náà fẹsẹ̀ múlẹ̀. Atẹ-piyánò méjì kì í ṣe ọ̀kẹ́sírà. Ìka wọn a dún ní kété tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n onífèrè ní láti mí kí ó tó fun, àwọn olókùn a sì máa pẹ́ díẹ̀ kí ìró wọn tó jáde. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, atẹ-piyánò tí ó ti tẹ orin kan náà fún ogún akẹ́kọ̀ọ́ yóò tẹ̀ ẹ́ dáradára bí ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tilẹ̀ burú. Àánú ni ó ń ṣe é, àánú náà sì ń tan akẹ́kọ̀ọ́ jẹ. Jorma Panula, tí a bí ní Kauhajoki ní 1930, tí ó sì jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ìdarí ní Sibelius Academy ní Helsinki láti 1973 sí 1993, kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó ní kí ọ̀kẹ́sírà wà nínú kíláàsì, bí ó tilẹ̀ kéré. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìdarí fúnra wọn a jókòó nínú rẹ̀, olúkúlùkù pẹ̀lú ohun-èlò tirẹ̀. Bí ó bá kan ọ, ìwọ a dìde lọ darí, ẹni tí ó parí a sì wá jókòó. Èyí mú àǹfààní méjì wá. Ìkíní, ẹni tí ń darí mọ̀ pé àwọn tí ó wà níwájú òun mọ iṣẹ́ náà. Ìkejì, ẹni tí ó bá jókòó nínú ẹgbẹ́, tí ìjùwọ́ ẹlòmíràn ti dà á láàmú, kì í tètè gbàgbé nígbà tí ó bá kàn án.

Panula tún mú ẹ̀rọ fídíò wọ kíláàsì. A ya àwòrán akẹ́kọ̀ọ́ bí ó ti ń darí. Lẹ́yìn náà, a jókòó wò ó. Ó rí ara rẹ̀ bí àwọn olórin ti rí i: orúnkún tí ń tẹ̀ láìnídìí, ọwọ́ òsì tí kò ṣe ju kí ó máa tẹ̀lé ti ọ̀tún bí ọmọ tí ń tẹ̀lé ìyá rẹ̀ lọ sí ọjà, ojú tí a bò mọ́ inú ìwé. Kò sí àlàyé tí ó lè ṣe iṣẹ́ tí àwòrán yìí ń ṣe. Bí akẹ́kọ̀ọ́ sì ti ń darí lọ́wọ́, Panula kì í sọ̀rọ̀. Òkìkí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ tàn dé gbogbo ibi tí a ti mọ̀ ọ́n. Bí ó bá tilẹ̀ sọ̀rọ̀ nígbà tí a bá parí, gbólóhùn kan tàbí méjì ni, tí ó gbẹ bí ẹran gbígbẹ.

Kí ni ìdí rẹ̀ tí yóò fi dákẹ́? Níbí ni ọ̀rọ̀ náà ti kan kọ́lẹ́ẹ̀jì bí irú tiwa. Ní ẹ̀kọ́ àyẹ̀wò, akẹ́kọ̀ọ́ a dìde níwájú àwọn ọmọdé, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú ìwé àti lẹ́ẹ̀dì, olùkọ́ a sì wà láàárín wọn. Bí olùkọ́ bá dá sí i láti ẹ̀yìn, bí ó ti wù kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tọ́ tó, gbogbo ojú ọmọdé a yí sí ọ̀dọ̀ rẹ̀, láti ìgbà náà lọ ni ẹni tí ó wà nídìí pátákó kò sì ní kíláàsì mọ́. Bákan náà ni àwọn olórin. Nígbà tí àgbà bá ti sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, àgbà ni wọn yóò máa wò. Ọ̀dọ́ náà yóò máa ju ọwọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni a ń tẹ̀ lé. Nítorí náà ẹni tí ó bá fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ bí àṣẹ ti rí ní ọwọ́ ara rẹ̀, ó ní láti jẹ́ kí orin náà dàrú níṣojú òun, kí ó sì pa ẹnu mọ́. Èyí ṣòro fún ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣe. Mo rò pé ó ṣòro ju kí ó gba ọ̀pá kí ó sì ṣe é fúnra rẹ̀ lọ.

Síbẹ̀ èmi kò gbà pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tó ní òun nìkan. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó lágbára yóò fi í wá ọ̀nà ara rẹ̀. Ẹni tí ó rẹ̀wẹ̀sì lè kà á sí ìyìn, tàbí kí ó kà á sí ẹ̀gàn, kò sì sí èyí tí ó kọ́ ọ ní nǹkan nínú méjèèjì. Ẹ̀rọ fídíò ni ó ń sọ̀rọ̀ fún Panula. Níbi tí kò bá sí ẹ̀rọ, ó yẹ kí ẹnu olùkọ́ là nígbà tí àwọn ọmọdé bá ti lọ, kí ó sì ṣe bí Musin: kí ó di ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ náà mú, kí ó sì fi hàn án bí a ti ń gbé nǹkan kalẹ̀ kí ó má fọ́. Àwọn kan nínú wa yóò sọ pé èyí ń fi àkókò ṣòfò. N kò mọ ohun mìíràn tí àkókò wà fún ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni.

Láti kíláàsì Panula ni Esa-Pekka Salonen ti jáde, afun-ìwo, ẹni tí a pè lójijì ní 1983 láti darí símfónì kẹta ti Mahler ní London, tí ó sì di olórí ọ̀kẹ́sírà Los Angeles láti 1992 sí 2009. Ibẹ̀ ni Osmo Vänskä ti jáde, onífèrè kilarinẹ́ẹ̀tì. Àti Jukka-Pekka Saraste, onífayolíìnì. Àti Sakari Oramo. Nígbà tí ó ti kúrò ní ipò ọ̀jọ̀gbọ́n, ó ṣì ń kọ́ni: Klaus Mäkelä, tí a bí ní 1996, jẹ́ ọmọ ọdún 12 nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ìdarí lọ́dọ̀ rẹ̀. Orílẹ̀-èdè tí àwọn ènìyàn inú rẹ̀ kò ju bíi mílíọ̀nù márùn-ún àti ààbọ̀ lọ ni gbogbo àwọn wọ̀nyí ti wá.

Ṣùgbọ́n ta ni ó kọ́ Panula? Orúkọ mẹ́rin ni a sábà máa ń kà: Leo Funtek, Albert Wolff, Franco Ferrara, àti Dean Dixon. Nípa ẹni ìkẹyìn yìí ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀, nítorí pé ènìyàn dúdú ni. Ní Harlem, ní New York, ni a bí i ní 1915; àwọn òbí rẹ̀ ti erékùṣù Karíbíánì wá. Kò tíì pé ọmọ ogún ọdún nígbà tí ó kó àwọn olórin jọ ní àdúgbò rẹ̀, tí ó sì dá ọ̀kẹ́sírà tirẹ̀ sílẹ̀. Ó parí ẹ̀kọ́ ní Juilliard ní 1936. Lẹ́yìn náà, ó lọ sí Teachers College ti Yunifásítì Columbia, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni, ó sì gba oyè M.A. níbẹ̀ ní 1939. Ní 1941 ó darí New York Philharmonic, òun sì ni ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ tí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ní 1944 ó dá ọ̀kẹ́sírà kan sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́. Gbogbo èyí kò mú kí ọ̀kẹ́sírà ńlá kankan ní ilẹ̀ rẹ̀ fi í ṣe olórí. Wọn a pè é wá fún ọjọ́ kan, wọn a yìn ín, wọn a sì wá ẹlòmíràn. Ní 1949 ó wọ ọkọ̀ lọ sí Yúróòpù, ọdún mọ́kànlélógún sì kọjá kí New York Philharmonic tó tún rí i níwájú rẹ̀, ní 1970.

Ohun tí a kò fún un nílé, ó rí i gbà lókè òkun. Ó jẹ́ olórí olùdarí ní Gothenburg, ní ilẹ̀ Swídìn, láti 1953 sí 1960. Ní Frankfurt láti 1961 sí 1974. Ó sì ṣe olórí ọ̀kẹ́sírà Sydney láàárín 1964 àti 1967. Ó kú ní ilẹ̀ Switzerland ní 1976. Nínú àwọn ọdún wọ̀nyí ni ọ̀dọ́mọkùnrin ará Kauhajoki náà bọ́ sí abẹ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Ní ọ̀kẹ́sírà Gothenburg kan náà, láti 1995 sí 1998, Susanna Mälkki, ọmọ Fínlándì, jókòó sí ipò kìn-ín-ní láàárín àwọn tí ń ta ṣẹ́lò. Ó fi àga náà sílẹ̀ kí ó lè máa darí. Panula wà lára àwọn tí ó kọ́ ọ. Ní 2016 ó di olórí olùdarí Helsinki Philharmonic, obìnrin àkọ́kọ́ tí ó dé ipò náà, ó sì wà níbẹ̀ títí di 2023.